Àwọn Òkè Ilẹ̀ Sàró àti Èmi

Abẹ́ òkè ni a bí mi sí. Ìdànrè ni ìlú wa, níbi tí àwọn àpáta ńláńlá gbé yí ilé ká bí àwọn àgbààgbà tí ó jókòó yí ọmọ tuntun ká. Kí a tó bí mi ni àwọn ènìyàn wa ti ṣí kúrò lórí òkè, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ níbi tí ìlú wà títí di òní. Ọdún 1946 ni a bí èmi. Nítorí náà n kò gbé orí òkè rí. Ìyá tí ó bí ìyá mi a sì máa fi èyí ṣe wá ní yẹ̀yẹ́. A máa ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìsàlẹ̀ yìí, nígbà tí ẹ bá dàgbà, ẹ ó máa wo òkè bí ẹni ń wo ọ̀run ni."

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ṣẹ mọ́ mi lára. Ọdún 35 gbáko ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ: bí òkè ti rí, bí odò ti ń ṣàn, àti ìdí rẹ̀ tí òjò fi ń pọ̀ níhìn-ín tí ó sì ń wọ́n lọ́hùn-ún. Mo lè fi ẹfun ya òkè sára pátákó láàárín ìṣẹ́jú kan láì wo ìwé. Ṣùgbọ́n láti orí àga dé ẹnu pátákó, àti láti ẹnu pátákó padà sí orí àga, ìrìn ẹsẹ̀ mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2006 ni mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún kejì rẹ̀ ni ìyàwó mi sùn, ilé sì tutù minimini. Ọmọ mi obìnrin, tí ó fẹ́ ọkùnrin ará ilẹ̀ Sàró tí wọ́n sì ń gbé ní abúlé Gloucester lẹ́bàá Freetown, kò jẹ́ kí n sinmi. Gbogbo ìgbà ni ó ń ránṣẹ́ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ má dá wà." Nígbà tí ó di ọdún 2009, mo gbà fún un. Mo di ìwé mi àti agbádá mẹ́ta sínú àpótí, mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé àbúrò mi lọ́wọ́, mo sì wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí ìlú tí n kò mọ ẹnì kan níbẹ̀ àfi ọmọ mi, ọkọ rẹ̀, àti ọmọkùnrin wọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́wàá.

Ẹni tí kò tí ì darúgbó ní ìlú onílùú kò lè mọ bí ó ti ń rí. Ní Ìdànrè, bí mo bá jókòó síwájú ilé, kò sí ẹni tí yóò kọjá tí kò ní dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, kí ó sì bèèrè àlàáfíà mi. Mo ti kọ́ bàbá, mo ti kọ́ ọmọ. Ní Gloucester, bí mo bá jókòó síwájú ilé, èmi ni bàbá àlejò tí ń wo ọ̀nà. Láàárín oṣù mẹ́ta mo sanra lójijì, oorun dá lójú mi, ẹ̀jẹ̀ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Ọmọ mi mú mi lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ọkùnrin náà yẹ̀ mí wò, ó kọ oògùn fún mi, lẹ́yìn náà ó ní, "Pa, oògùn yìí nìkan kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ gbọ́dọ̀ máa rìn." Mo bi í pé níbo ni kí n máa rìn sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì na ìka sí ojú fèrèsé. Òkè ni ó wà níbẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣe àlàyé bí ilẹ̀ náà ti rí. Freetown dàbí ẹni tí a há sí àárín òkun àti òkè. Òkun wà níwájú rẹ̀, òkè wà lẹ́yìn rẹ̀, ìlú sì ń wá ibi tí yóò na ẹsẹ̀ sí. Àwọn òkè wọ̀nyí na tó nǹkan bí 40 kìlómítà lẹ́bàá òkun, wọ́n sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn atukọ̀ fi ń rí wọn láti òkèèrè. Àwọn ni Pedro de Sintra, atukọ̀ ará Pọtogí, rí ní ọdún 1462 tí ó fi pe ibẹ̀ ní òkè kìnnìún ní èdè rẹ̀. Láti inú orúkọ náà ni a ti rí Sierra Leone, èyí tí àwọn baba wa sọ di Sàró. Òkúta dúdú líle ni inú àwọn òkè náà, ilẹ̀ pupa ni ó bò ó lójú, igbó kìjikìji sì ni ó bo ilẹ̀ pupa náà. Inú igbó yìí ni orísun omi tí ìlú ń mu wà; nínú rẹ̀ ni a ti sé odò Guma tí ó ń pọn omi fún Freetown.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010 ni mo kọ́kọ́ jáde. Ọyẹ́ mú, ọ̀nà gbẹ. Ọmọ-ọmọ mi ni ó ṣamọ̀nà. Láti Gloucester dé Regent kì í ṣe ìrìn ọjọ́ pípẹ́ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rìn, ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́rìnlá ni mo dúró lójú ọ̀nà, ọmọ náà sì ń kà á. Nígbà tí ó di ìgbà kẹwàá, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé kí a padà?" Mo ní kí ó dákẹ́, pé èmi ń wo ewé ni.

Ní ẹ̀bá Regent a bá obìnrin kan tí ó ń dín nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà. Òórùn náà ni ó kọ́kọ́ dá mi dúró. Bí ó ti rí mi, ó ní, "Kushe, Pa!" Èdè Krio ni ó fi kí mi, ṣùgbọ́n etí mi gbọ́ ohun tí kò jọ àjèjì. Mo bi í pé kí ni ó ń dín. Ó wò mí bí ẹni tí ó ń wo wèrè, ó ní, "Akara ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, omi bọ́ lójú mi. Mo ti jẹ àkàrà láti ìgbà èwe mi, n kò sì sunkún nítorí rẹ̀ rí. Àṣé ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá àwọn Krio ni ọmọ Yorùbá tí àwọn ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, tí a sì kó gúnlẹ̀ sí Freetown ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n pàdánù ilé, wọ́n pàdánù ìbátan, ṣùgbọ́n wọn kò pàdánù ẹnu wọn. Títí di òní, nígbà tí wọ́n bá ń gbé ọmọ tuntun jáde, wọ́n ń pè é ní komojade. Bí wọ́n bá sè fún àwọn òkú ọ̀run, wọ́n ń pè é ní awujoh. Aṣọ kan náà tí ẹbí wọ̀ ni wọ́n ń pè ní ashobi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé "Kushe" tí wọ́n fi ń kí ara wọn kì í ṣe ohun mìíràn bí kò ṣe "Ẹ kú iṣẹ́" tiwa. Mo ra àkàrà mẹ́fà. Mo sọ fún obìnrin náà pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti ìlú mi wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi méjì lé e, ó ní, "Nígbà náà, Pa, ẹ kì í ṣe àlejò."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni mo fi ń gun òkè. N kì í sáré, n kì í sì bá ẹnikẹ́ni díje. Mo mọ ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó gba ọ̀dọ̀ àwọn olóko lọ sí Leicester, níbi tí ènìyàn lè dúró kí ó rí ìlú àti òkun pọ̀ bí ẹni tí ó ń wo àwòrán ilẹ̀. Mo mọ èyí tí ó lọ sí Charlotte, níbi tí omi gbé ń já bọ́ láti orí àpáta pẹ̀lú ariwo nígbà òjò, tí ó sì ń ṣọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo mọ ibi tí a ti ń gbọ́ igbe àwọn ìnàkí tí a ń tọ́jú ní Tacugama láti ọdún 1995. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀nà tí ó gba Regent lọ sí Bathurst. Abúlé Bathurst yìí ni a mú Ajayi ọmọ Òṣoógùn lọ ní oṣù kẹfà ọdún 1822, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Níbẹ̀ ni ó ti mọ ìwé kà. Nígbà tí a ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825, a fi Samuel Crowther kún orúkọ rẹ̀. Òun náà ni ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, tí ó sì ṣe iṣẹ́ ńlá láti mú Bíbélì wọ inú èdè wa. Bí mo bá ń rìn lójú ọ̀nà náà, mo máa ń wí lọ́kàn mi pé, bí ọmọ tí a fi tipátipá mú kúrò nílé bá lè kọ́ ẹ̀kọ́ níhìn-ín, kí ni èmi tí mo fi owó ọkọ̀ dé ibí yóò rí wí?

Àwọn òkè náà sì kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ti ara wọn. Wọ́n kọ́ mi pé kí n jáde kí oòrùn tó le, kí n sì ti padà kí òjò ọ̀sán tó dé. Wọ́n kọ́ mi pé gígùn a máa mú èémí, ṣùgbọ́n sísọ̀ ni ó ń pa orúnkún; nítorí náà ọ̀pá ìtìlẹ̀ ṣe pàtàkì ní ìgbà tí ènìyàn bá ń bọ̀ nílé ju ìgbà tí ó ń lọ lọ. Wọ́n kọ́ mi pé òkúta tí ó ń dán nínú òjìji kò yẹ ní fífi ẹsẹ̀ tẹ̀. Èyí tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí arúgbó má dá lọ. Èyí ni mo kọ̀ tí n kò gbọ́.

Ní oṣù keje ọdún 2012, ọmọ-ọmọ mi ní ìdánwò, mo sì dá jáde. Oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni òjò ń pọ̀ jù ní Freetown. Ẹni tí kò rí òjò ibẹ̀ rí kò tí ì rí òjò. Ọmọ mi bẹ̀ mí, mo ní ojú ọ̀run mọ́. Nígbà tí mo wọ inú igbó tán ni kùrukùru sọ̀ kalẹ̀, n kò rí ju apá mi lọ. Òjò dé. Ọ̀nà tí mo mọ̀ di odò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo fẹ́ la ìṣàn omi kékeré kan kọjá, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ mi sì yẹ̀. Mo fà bí ìgbín dé ìdí igi kan. Níbẹ̀ ni mo jókòó sí títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ́ ṣú, tí mo ń gbọ̀n, tí mo sì ń rò ó pé bóyá ibi tí a óò ti rí òkú mi nìyí, ní òkè tí kì í ṣe ti baba mi.

Ọkùnrin kan tí ó ru àpò èédú ni ó rí mi. Kò bi mí léèrè púpọ̀. Ó sọ àpò èédú rẹ̀ kalẹ̀ sínú òjò, ó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Pa, ẹ gun ẹ̀yìn mi." Ó pọ̀n mí dé ilé ọmọ mi bí a ti ń pọn ọmọ ọwọ́. Èédú tí ó fi sílẹ̀ rin gbingbin, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sì ṣòfò. Nígbà tí ara mi yá, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bá a níbi tí ó ti ń gé igi lulẹ̀ láti sun èédú mìíràn. Igi ńlá tí mo ti máa ń sinmi lábẹ́ rẹ̀ ni.

Inú mi bàjẹ́. Mo bi í léèrè bóyá ó mọ̀ pé ìjọba ti sọ igbó náà di igbó ọba orílẹ̀-èdè, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi nínú rẹ̀. Kò bínú. Ó fi àáké rẹ̀ ti ara igi, ó ní, "Pa, ogun ni ó lé wa kúrò ní abúlé wa. A ní oko, a ní ilé. A sá wá síbí, ogun sì parí ní ọdún 2002, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a óò padà lọ bá. Igi yìí ni ó ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi. Bí ẹ bá mọ iṣẹ́ mìíràn, ẹ sọ fún mi, n ó sọ àáké yìí nù lónìí." N kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Mo jókòó sórí igi tí a gé, mo dákẹ́. Ọwọ́ tí ó ń tú òkè sí ìhòòhò ni ọwọ́ tí ó gbà mí là. Láti ọjọ́ náà a di ọ̀rẹ́.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, mo rí i pé igbó ń sá fún mi. Ibi tí mo ti máa ń dé inú òjìji igi láàárín ìdajì wákàtí di ibi tí mo ń dé lẹ́yìn wákàtí kan. Ilé ńlá ń gòkè wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olówó, ahéré onípáànù ń gòkè wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tálákà. Wọ́n ń gé ìdí òkè bí ẹni ń gé àkàrà òyìnbó, kí wọ́n lè rí pẹpẹ ilẹ̀ kọ́ ilé sí. Obìnrin alákàrà náà wà nínú wọn. Ó ti fi owó àkàrà kọ́ yàrá méjì sí abẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Sugar Loaf, inú rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pè mí pé kí n wá wò ó.

Ọjọ́ tí mo lọ jẹ́ Sátidé kan nínú oṣù keje ọdún 2017. Òjò ọdún náà kò jọ ti ọdún mìíràn. Mo wo yàrá méjèèjì, mo gbàdúrà, mo kí i kú iṣẹ́. Nígbà tí mo yí sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo rí i pé ilẹ̀ là. Lílà náà ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gùn bí ejò, ó gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé aládùúgbò. Mo ti ọ̀pá mi bọ inú rẹ̀, ó wọlé ju bí mo ti rò lọ. Omi ń sun jáde ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì pupa bí epo.

Ohun tí mo ti fi ẹfun kọ sára pátákó fún ọdún 35 ni ó wà níwájú mi yìí. Gbòǹgbò igi ni ó ń di ilẹ̀ mú lórí òkúta. Bí a bá gé igi, gbòǹgbò a jẹrà. Bí òjò bá pọ̀, ilẹ̀ a mu omi yó, a wúwo. Omi tí ó bá dé orí òkúta tí kò rí ọ̀nà lọ a sọ abẹ́ ilẹ̀ di yíyọ̀. Ilẹ̀ tí ó bá là báyìí ti ń múra ìrìn àjò. Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìdí rẹ̀. Mo wo ojú obìnrin náà bí ó ti ń tàn, mo sì wí lọ́kàn mi pé, ta ni mí? Àlejò ni mí. Èmi kọ́ ni baálẹ̀, èmi kọ́ ni ìjọba. Bí mo bá sọ ọ́, yóò rò pé mo ń jowú ilé rẹ̀ ni, tàbí pé mo ń ṣépè lé e. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo fi òwe yìí bo ẹnu mi. Mo ra àkàrà, mo bi í léèrè iye tí ẹ̀wà di lọ́jà, mo sì lọ sí ilé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún náà, lẹ́yìn òjò òru mọ́jú, ẹ̀gbẹ́ òkè Sugar Loaf ya lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì wà lórí ẹní. Ẹrẹ̀ pupa, òkúta àti igi wọ́ ilé lọ, wọ́n sì gba ojú odò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà Lumley. Iye àwọn tí ó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ ju 1,000 lọ. Ibi ìsìnkú ní Waterloo ni a sin ọ̀pọ̀ nínú wọn sí, àwọn mìíràn kò sì tíì jáde kúrò lábẹ́ ilẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí a gbọ́, mo mú ọ̀pá mi, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. N kò mọ̀ pé mo rìn. Òkè tí mo ti ń wò láti ọdún méje dàbí ẹni tí a bó láwọ̀ láti èjìká dé ẹsẹ̀. N kò rí yàrá méjì. N kò rí ààrò. Ọ̀rẹ́ mi elédùú wà nínú ẹrẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wa ilẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mìíràn. Ilé tirẹ̀ wà ní apá kejì, kò kàn án. Mo jókòó síbẹ̀ títí di ọ̀sán. A kò rí obìnrin náà ní ọjọ́ náà, a kò sì rí i mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi ohun tí mo rí lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo rò pé yóò bú mi. Ó wò mí pẹ́, ó ní, "Pa, gbogbo wa ni a rí i. Lẹ́yìn ilé tèmi náà, ilẹ̀ là ní ọdún tí ó kọjá. Níbo ni kí a lọ?"

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn fún ọjọ́ púpọ̀. Mo ti rò pé ìmọ̀ wà lọ́wọ́ èmi nìkan, àti pé ìmọ̀ náà ni mo fi sápamọ́. Àṣé kì í ṣe àìmọ̀ ni ó fi wọ́n síbẹ̀, bí kò ṣe àìrí ibòmíràn lọ. N kò lè sọ pé bí mo bá ti sọ̀rọ̀, obìnrin náà ì bá kó jáde. Bóyá ì bá rẹ́rìn-ín, kí ó sì fi àkàrà méjì lé e fún mi. Síbẹ̀, n kò lè fi èyí dá ara mi láre. Mo ní ọmọ tí ó ní yàrá mẹ́rin ní Gloucester. Mo lè sọ pé, "Wá sùn lọ́dọ̀ wa títí òjò yóò fi dá." Ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, kò bèèrè pé kí n jẹ́ ìjọba, kò bèèrè pé kí n jẹ́ onílẹ̀. Ẹnu ni ó bèèrè, àti ẹní kan.

N kò gun òkè fún oṣù mẹ́fà. Ọmọ-ọmọ mi, tí ó ti di géńdé, ni ó wá bá mi ní òwúrọ̀ Sátidé kan tí ó gbé ọ̀pá mi fún mi láì sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, n kì í gun òkè lásán mọ́. Mo máa ń mú àwọn ọmọ ilé ìwé àdúgbò dání, mo ń kọ́ wọn bí a ti ń ka ilẹ̀: igi tí ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ògiri tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, omi mímọ́ tí ó di pupa lójijì, ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ tì mọ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti gbin igi máńgòrò àti àwọn igi igbó sí ibi tí ó ti gé igi rí. Ó ṣì ń sun èédú nígbà tí owó bá wọ́n. N kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n igi tí ó gbìn ni ó ń bomi rin ní ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì jẹ́ kí ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀.

Àràbà ńlá kan wà láàárín ìlú Freetown tí gbogbo ayé mọ̀, tí àwọn ènìyàn ti ń gbàdúrà lábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí a ti tẹ ìlú náà dó. Àwa Yorùbá máa ń fi àràbà ṣe àpẹẹrẹ ohun tí kò lè wó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjì kan jà lóru, àràbà náà sì wó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sunkún. Èmi kò yà á lẹ́nu bí àwọn yòókù. Mo ti mọ̀ pé ohun tí ó ga lè wó, àti pé ó máa ń sọ tẹ́lẹ̀ nígbà mìíràn kí ó tó wó, bí ẹni tí ó rí i bá lè la ẹnu.

Ní ọdún 2019, lójú ọ̀nà Leicester, mo rí lílà kan lẹ́yìn ilé ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí. Ọkàn mi lù kìkì. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo sì fi Krio mi tí kò já gaara sọ ohun tí mo rí fún un. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Pa, ọmọ ibo ni yín?" Mo ní, "Àlejò ni mí, ṣùgbọ́n mo ríran." Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ púpọ̀, ó gbà, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ títí òjò ọdún náà fi dá.

Òkè náà kò ya. Títí di òní, bí ọkùnrin náà bá rí mi tí mo ń fi ọ̀pá mi kọjá, yóò dúró sójú ọ̀nà, yóò kọ́wọ́ lé ìbàdí, yóò sì ké pé, "Pa! Òkè yín kò ya mà o!" Àwọn ọmọ rẹ̀ a jáde wá, gbogbo wọn a sì fi mí rẹ́rìn-ín. Mo máa ń ká wọn bí wọ́n ti ń jáde: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Bí wọ́n bá ti pé, èmi náà a bá wọn rẹ́rìn-ín, n ó sì máa bá ọ̀nà mi lọ.